Máàpù ìmọ̀: Ọgbọ́n ìkọ́ni táwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ti dán wò tipẹ́, ìgbà wo ni yóò dé kíláàsì ní Owódé Ẹ̀gbá?

Ẹ pe ọmọ tó wà ní kíláàsì kejì ní ilé ìwé girama, kẹ́ ẹ bi í léèrè bí ewéko ṣe ń fi ìtànṣán oòrùn pèsè oúnjẹ ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ ọmọ tó ń ka ìwé rẹ̀ dáadáa, yóò ka ìdáhùn náà fún yín gẹ́lẹ́ bí olùkọ́ ṣe kọ ọ́ sójú pátákó, yóò sì kà á tán láì mí. Kẹ́ ẹ wá mú ọmọ kan náà lọ sóko, kẹ́ ẹ fi àgbàdo tó wà lábẹ́ igi máńgòrò hàn án, kẹ́ ẹ bi í pé kí ló dé tí eléyìí fi rí tínínrín, tí kò yọmọ bíi ti àárín oko? Ọ̀pọ̀ wọn ni yóò kàn máa wojú yín. Bẹ́ẹ̀ ohun kan náà lẹ bi í lẹ́ẹ̀mejèèjì o. Ìmọ̀ tó wà nínú ìwé àti èyí tó wà nínú oko ni kò mọ ara wọn nínú orí ọmọ náà.

Àkọ́sórí la máa ń pe irú ìwé kíkà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé àkọ́sórí burú pátápátá. Ẹni tó ń kọ́ ifá, orí ló ń kọ́ ọ sí, bẹ́ẹ̀ náà lẹni tó ń kọ́ kéú, kò sì sí bí ọmọ ṣe fẹ́ mọ ìṣirò tí kò ní í mọ ìsọdipúpọ̀ lórí. Ṣùgbọ́n babaláwo tó mọ ẹsẹ ifá lórí, tí kò mọ ibi tí ẹsẹ náà ti kan ọ̀ràn ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀, kí ló fẹ́ sọ fún onítọ̀hún? Ibẹ̀ ni ìṣòro àwọn ọmọ wa wà, ibẹ̀ náà sì ni ọgbọ́n ìkọ́ni kan tí wọ́n ń pè ní concept map lédè Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́ ràn wọ́n lọ́wọ́. Máàpù ìmọ̀ la ó máa pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé bí máàpù ṣe ń fi hàn wá pé ọ̀nà Mowé la máa gbà dé Ìbàfò, bẹ́ẹ̀ ni èyí ṣe ń fi ọ̀nà tó ti inú ìmọ̀ kan lọ sínú òmíràn hàn.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun tó sún mọ́ wa jù lọ ṣe àpẹẹrẹ. Owódé Ẹ̀gbá ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Owódé, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ náà sì ni Òfàdà wà, ìlú tó fún ìrẹsì Òfàdà lórúkọ. Ká ní olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan kọ "ìrẹsì Òfàdà" sókè pátákó, tó fa òbìrìkìtì yí i ká. Ọmọ kan sọ pé òjò la fi ń gbìn ín. Wọ́n á fa ìlà kan wá sísàlẹ̀, wọ́n á kọ "nílò" sára ìlà náà, wọ́n á sì kọ "omi òjò" sínú òbìrìkìtì kejì. Ẹ kà á láti òkè: ìrẹsì Òfàdà nílò omi òjò. Gbólóhùn tó pé nìyẹn. Ara òfin máàpù ìmọ̀ ni pé gbogbo ìlà tí ọmọ bá fà gbọ́dọ̀ ní ọ̀rọ̀ lára, ohun tó wà lókè, ọ̀rọ̀ ara ìlà àti ohun tó wà nísàlẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ṣeé kà pa pọ̀ bí gbólóhùn. Ọmọ tó fa ìlà láì kọ nǹkan kan sí i kò tíì sọ̀rọ̀. Ó kàn mọ̀ pé nǹkan méjì náà tan mọ́ra ni, kò mọ bí wọ́n ṣe tan.

Ọmọ mìíràn ní ìyá àgbà òun máa ń rẹ ìrẹsì náà sínú omi kó tó bọ̀ ọ́, pé ibẹ̀ ni òórùn rẹ̀ tó yàtọ̀ yẹn ti ń wá. Wọ́n á tún fa ìlà: ìrẹsì Òfàdà, "a máa ń", rírẹ sínú omi; rírẹ sínú omi, "ń fàyè gba", àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí; àwọn yẹn, "ń mú jáde", òórùn. Níbi tí máàpù náà dé yìí, ọmọ kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ògì á sọ pé àgbàdo náà ń kan bí wọ́n bá rẹ ẹ́. Ọ̀kan á ní ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe fùfú ńkọ́? Ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í dábùú láti apá kan máàpù sí apá kejì. Àwọn ìlà adábùú yìí gan-an ni àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń wò jù, torí pé àwọn ló ń fi hàn pé ọmọ ti rí okùn tó so ohun tó rò pé ó jìnnà síra pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ pé ọmọ kan, nínú ìtara, fa ìlà láti ara irú wá sí ibi tí wọ́n kọ "kíkan" sí. Ó ti ṣìnà nìyẹn, àmọ́ àṣìṣe tó ń mówó wọlé ni. Ìyá tó ń ṣe irú mọ̀ pé irú kì í kan, ó máa ń rùn ni, ó sì máa ń yọ̀. Lóòótọ́ ni àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín ń ṣiṣẹ́ nínú irú tí a sè tí a bò mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ṣùgbọ́n irú tí wọ́n jẹ́ yàtọ̀ sí àwọn tó ń mú ògì kan. Nínú ìdánwò tí wọ́n ti ní kí ọmọ mú A tàbí B, olùkọ́ kò ní í mọ láéláé pé ọmọ náà ti da ohun méjì yìí pọ̀. Lójú pátákó, gbangba ló wà. Fún èmi o, ìwúlò máàpù ìmọ̀ tó ga jù lọ nìyí: olùkọ́ rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nínú orí ọmọ kó tó di ọjọ́ ìdánwò.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Joseph Novak ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà lòun àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní ọdún 1972. Kì í ṣe pé wọ́n dìídì jókòó láti wá ọ̀nà ìkọ́ni tuntun. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń tọpa àwọn ọmọ kéékèèké fún ọdún méjìlá, wọ́n ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò láti mọ bí òye sáyẹ́ǹsì ṣe ń dàgbà nínú wọn. Ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà sí wá ń ga bí òkè, wọn kò sì mọ bí wọ́n ṣe máa fojú rí ohun tó ti yí padà nínú òye ọmọ kan láàárín ọdún kan sí èkejì. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sórí ìwé pẹ̀lú òbìrìkìtì àti ìlà nìyẹn. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọ́n tó rí i pé bí ọmọ fúnra rẹ̀ bá yà á, ẹ̀kọ́ náà túbọ̀ ń wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀rọ̀ David Ausubel, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọ ènìyàn, ni wọ́n gbé iṣẹ́ wọn lé: ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù nínú ohun tó fẹ́ kọ́, orí rẹ̀ sì ni kí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kò pẹ́ púpọ̀ tí ọgbọ́n yìí fi dé Nàìjíríà, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà lára àwọn tó dán an wò tí ayé fi gbọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Òkébùkọ́lá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tó wà ní Ọ̀jọ́, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúgbémiró Jégédé tó padà di gíwá National Open University, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwádìí wọn lórí rẹ̀ jáde láti ìparí àwọn ọdún 1980. Ní ọdún 1990, Òkébùkọ́lá gbé èsì kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìwádìí sáyẹ́ǹsì ilẹ̀ òkèèrè kan. Ẹ̀kọ́ nípa àbùdá tí òbí ń fi fún ọmọ àti ẹ̀kọ́ nípa àyíká ló lò, méjèèjì sì wà lára ohun tó máa ń fún àwọn ọmọ wa lórí fífọ́ nínú bàọ́lọ́jì. Àwọn tó fi máàpù ìmọ̀ kọ́ ẹ̀kọ́ méjèèjì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n kọ́ bí a ṣe máa ń kọ́ni tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ọdún 1990 yẹn náà, òun, Jégédé àti Aláìyẹmọ́lá tún gbé iṣẹ́ mìíràn jáde tó fi hàn pé máàpù ìmọ̀ mú èsì ìdánwò bàọ́lọ́jì àwọn ọmọ girama gòkè, ó sì dín ìbẹ̀rù iṣẹ́ náà kù, pàápàá láàárín àwọn ọkùnrin. Èmi ò mọ òbí tí kò ní í fẹ́ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn. Ìbẹ̀rù ló ń pa ìdajì àwọn ọmọ yìí kó tó di pé ìbéèrè dé iwájú wọn.

Nínú iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ṣe ṣáájú, ní ọdún 1988, Òkébùkọ́lá àti Jégédé tún rí i pé àwọn ọmọ tó kóra jọ ya máàpù kan ṣoṣo jèrè ju ẹni tó dá tirẹ̀ yà lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé èyí, torí a ó padà síbẹ̀. Ní ọdún 1992, àjọ UNESCO fún Òkébùkọ́lá ní àmì ẹ̀yẹ Kalinga nítorí iṣẹ́ tó ṣe láti mú sáyẹ́ǹsì dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Láti ọdún 2001 sí 2006, òun ni akọ̀wé àgbà àjọ NUC tó ń bójú tó àwọn yunifásítì Nàìjíríà.

Kọ̀ǹpútà wá wọ ọ̀rọ̀ náà. Ilé ìwádìí kan tó ń jẹ́ IHMC, ní ìlú Pensacola ní ìpínlẹ̀ Florida, níbi tí Novak náà ti bá Alberto Cañas àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣe ètò orí kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n pè ní CmapTools. Ọ̀fẹ́ ni. Bí wọ́n bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà, ó lè ṣiṣẹ́ láì sí íntánẹ́ẹ̀tì. Orílẹ̀-èdè Panama bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wọ àwọn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba rẹ̀ láti ọdún 2004, àwọn olùkọ́ ni wọ́n sì kọ́kọ́ kó jọ kọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1955 kò ní í ṣàì rántí síléètì. Ẹ kọ ọ́, ẹ nù ún, ẹ tún un kọ. Wàhálà síléètì ni pé ohun tẹ́ ẹ nù ti lọ pátápátá. Wàhálà ìwé sì ni pé ohun tẹ́ ẹ bá ti kọ kò ṣeé sún kúrò láyè rẹ̀. Ohun tí ètò orí kọ̀ǹpútà yìí ń ṣe ni pé ọmọ lè fi ọwọ́ mú òbìrìkìtì kan láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, gbogbo ìlà tó so mọ́ ọn á sì tẹ̀ lé e, kò ní í já. Ó lè fi àwòrán tàbí ohùn sínú rẹ̀. Ó lè tọ́jú èyí tó yà ní sáà kìíní, kó fi wé ti sáà kẹta. Ó sì ń gba àmì ohùn àti ẹ̀kún sí abẹ́ lẹ́tà, ìyẹn ni pé a lè fi Yorùbá kọ gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

Àmọ́ ṣé ó lè ṣeé ṣe níhìn-ín? Àgbègbè tí à ń sọ yìí kò rí bákan náà. Mowé àti Ìbàfò wà létí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó tí wọ́n ń sùn níbẹ̀ pọ̀, ilé ìwé aládàáni sì wà ní àdúgbò lóríṣiríṣi, púpọ̀ nínú wọn ló kọ "computer" gàdàgbà sára ògiri. Ifọ̀ ní tirẹ̀ wà lójú ọ̀nà rélùwéè, ìlú ọjà ni láti ayébáyé. Bí èèyàn bá wá yà kúrò níbẹ̀ wọ àwọn abúlé tó yí Owódé ká, ọ̀rọ̀ á yí padà. Iná mànàmáná ń ṣe ségesège, owó epo jẹnẹrétọ̀ ju agbára ọ̀gá ilé ìwé lọ, bí kọ̀ǹpútà bá sì wà, ọ̀kan lè wà fún ọgọ́ta ọmọ. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kì í sábà pẹ́ kó tó di ohun tí wọ́n ń fi aṣọ bò, tí wọ́n ń ṣí lójú àlejò nìkan.

Ibí yìí ni kí ẹ ti rántí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó jọ ń ya máàpù kan. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo kì í ṣe èèwọ̀ fún iṣẹ́ yìí. Kí àwọn ọmọ pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù yà á sórí ìwé, tàbí kí wọ́n gé páálí sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sára rẹ̀, kí wọ́n sì máa tò ó sórí tábìlì. Páálí náà ń sún bí ti kọ̀ǹpútà. Nígbà tí wọ́n bá ti jà á tán tí ọ̀rọ̀ wọn ṣọ̀kan, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá lọ síbi kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí iná bá wà, kí wọ́n tẹ èyí tí wọ́n fẹnu kò lé lórí sí i. Lójú tèmi, ilé ìwé tí kò bá tíì fi ẹfun àti pátákó ṣe é fún sáà kan kò tíì ní ohun tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe.

A sì ti rí ohun tó jọ ọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 2013, ìjọba Gómìnà Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun gbé ẹ̀rọ Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ girama, wọ́n kó ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá sínú rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n kó sínú ẹ̀rọ, ìwé náà ló ṣì jẹ́, kíkà ni ọmọ máa kà á. Máàpù ìmọ̀ kò ní nǹkan kan nínú àfi bí ọmọ bá fi síbẹ̀. Òfìfo ló máa ń bá a. Ìdí nìyí tó fi le fún olùkọ́ ju ìwé orí ẹ̀rọ lọ: kò lè sọ pé kí wọ́n ṣí ojú ewé kẹrìnlélógún, kó wá lọ jókòó.

Èyí ló fa ewu kan tó yẹ ká tètè sọ. Olùkọ́ tó ti rẹ̀, tó ní kíláàsì tó kún fọ́fọ́, lè fúnra rẹ̀ ya máàpù tó rẹwà sójú pátákó, kó ní kí àwọn ọmọ dà á kọ. Wọ́n á dà á kọ. Wọ́n á kọ́ ọ sórí pẹ̀lú. Òbìrìkìtì méje, ìlà mẹ́jọ, wọ́n á mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan níbi tó wà, a sì ti padà sídìí àkọ́sórí tá a ní à ń sá fún, àfi pé ó ti wọ aṣọ tuntun. Ìdánwò wa náà ń dá kún un. WAEC kò ní í sọ pé kí ọmọ ya máàpù, olùkọ́ tí wọ́n sì ń fi iye ọmọ tó yege wọn iṣẹ́ rẹ̀ kò ní í fẹ́ fi wákàtí kan ṣòfò lórí ohun tí kò ní máàkì. Ẹ̀rí tí Òkébùkọ́lá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí ni pé ọmọ tó yà á tó sì yé e máa ń yege, àmọ́ olùkọ́ tí kò tíì rí i lójú kò lè fi ẹnu gbọ́ ọ kó gbà.

Ọ̀rọ̀ èdè ńkọ́? Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo iṣẹ́ yòókù, Gẹ̀ẹ́sì sì dúró bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà. Ní ọdún 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé e, ó di Gẹ̀ẹ́sì padà. Ẹni tó bá fẹ́ lè bá wọn jiyàn. Ohun tó dájú ni pé kò sí òfin tó ní kí ọmọ má fi Yorùbá ronú lórí páálí tó ń tò, kó tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì tí olùdánwò fẹ́. Ọmọ tó mọ "kíkan" àti "rírẹ" láti ilé ìyá rẹ̀ kò yẹ kó dé kíláàsì kó máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ irú rẹ̀ rí.

Ẹ̀yin àgbà ilé ni ìyókù kàn. Ní ọdún 2015, Òkébùkọ́lá tún gbé ọ̀nà ìkọ́ni mìíràn jáde tó so àṣà, ẹ̀rọ ìgbàlódé àti àyíká ọmọ pọ̀. Ohun tó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀ ni pé kí olùkọ́ sọ orí ọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ ṣáájú ọjọ́ ẹ̀kọ́, kí wọ́n lọ béèrè nílé ohun tí àwọn àgbà mọ̀ nípa rẹ̀, kí wọ́n sì tún wò ó lórí fóònù. Bí wọ́n bá dé kíláàsì, wọ́n á jókòó ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n gbọ́, olùkọ́ á fi ohun tó wà ládùúgbò àti àwàdà díẹ̀ kọ́ wọn, á wá fi kókó ẹ̀kọ́ náà ránṣẹ́ sórí fóònù wọn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ò rí i pé máàpù ìmọ̀ bá èyí mu wẹ́kú.

Nítorí náà, bí ọmọ-ọmọ yín bá dé láti ilé ìwé, tó ní, "Ìyá àgbà, kí ló ń mú ògì kan?", ẹ má ṣe ní kó lọ bi tíṣà rẹ̀. Ẹ sọ iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ń rẹ àgbàdo fún un, ẹ sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà ọyẹ́ tí kì í tètè kan, ẹ sọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń da omi rẹ̀ nù tẹ́ ẹ sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Kó kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú òbìrìkìtì lójú yín, kó fa ìlà, kó ka gbólóhùn rẹ̀ sókè kí ẹ gbọ́. Níbi tí kò bá ti rí ọ̀rọ̀ kọ sára ìlà, tí ẹ̀yin náà kò sì rí i, kó fi àyè sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó mú un lọ síwájú olùkọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.